Mo ti san owó ilé tán, developer kò ṣe ìwé rẹ̀ lórúkọ mi: kí ni òfin gbà mí láyè láti ṣe?

Àdùkẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ ṣe ohun tí yóò tún dá kún ìyọnu mi.

Oṣù Kẹta 2021 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ilé oníyàrá mẹ́ta kan nínú ẹ́sítéètì kan ní ọ̀nà Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Mo san án tán ní oṣù Kọkànlá 2022. Wọ́n fún mi ní rìsíìtì, wọ́n fún mi ní lẹ́tà tó sọ nọ́ńbà ilé tó jẹ́ tèmi, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Inú ilé náà ni mò ń gbé báyìí. Lọ́tọ̀ sí owó ilé, wọ́n gba ₦1,200,000 lọ́wọ́ mi, wọ́n ní owó ìwé ni: deed, sọ́fè àti consent gómìnà. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́: "Màmá, a ń ṣe é lọ́wọ́." Ọmọ tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ yẹn ò yí padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó ọlọ́pàá lọ bá wọn. Ọkọ mi ní ká ní sùúrù, ó ṣe tán àwa la wà nínú ilé. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé bí mo bá kú lónìí, kí ni àwọn ọmọ mi máa nà jáde pé ilé yìí jẹ́ tiwa? Rìsíìtì?

Baba Rẹ́ńtì

Ẹ kú ìnáwó o, ìyáàfin. Kí àwọn lọ́yà inú ilé yìí tó jí, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí deed kankan rí? Kí ni ìwé àdéhùn yín sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n máa kó ìwé fún yín? Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ẹ́sítéètì lé lórí, orúkọ ta ló wà lórí ìwé rẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ má fi ṣeré.

Àdùkẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ ṣé, sà. Mi ò tíì fọwọ́ sí deed kankan. Ìwé àdéhùn kàn sọ pé àwọn "yóò pèsè ìwé fún olùrà lẹ́yìn tó bá san owó tán." Kò sí ọjọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, abala kan wà ní ìsàlẹ̀ tó ní bí ìjà bá wà, arbitration la máa lọ, ìyẹn onídàájọ́ àdáni dípò kọ́ọ̀tù. Ní ti ilẹ̀, ọmọkùnrin tó tà á fún wa ní C of O (ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ilẹ̀) kan ṣoṣo ló bo gbogbo ẹ́sítéètì, pé kí n má yọnu. Mi ò rí C of O ọ̀hún rí, ká sọ òótọ́.

Jagun Aláúsá

Mo bá lọ́yà kan ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa gbé fáìlì lọ gbé fáìlì bọ̀ láàárín ọ́fíìsì wa àti Aláúsá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé gbogbo wa ń pe nǹkan mẹ́rin ní "ìwé". Deed of assignment ni ìwé tí ẹni tó tà á fi gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni consent gómìnà, torí òfin ilẹ̀ ti 1978, Land Use Act, fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹ̀ka 22 rẹ̀ sì sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Òǹtẹ̀ owó orí ìwé ló tẹ̀ lé e, kí ó tó wá kan ìforúkọsílẹ̀ ní rẹ́jísìrì ilẹ̀. Bí wọ́n bá ní "a ń ṣe é lọ́wọ́", ẹ bi wọ́n pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ẹ ó rí i bí ahọ́n ṣe máa lọ́.

Ìdí tí ẹ̀yin nìkan kò fi lè lọ ṣe é nìyí: fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún consent ní Èkó, Form 1C, ẹni tó tà àti ẹni tó rà ni wọ́n jọ ń fọwọ́ sí i. Bí developer kò bá fọwọ́ sí i, kò sí fáìlì. Wọ́n á tún béèrè ìwé ẹ̀rí owó orí, ti tirẹ̀ àti ti tiyín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ developer ti máa ń há. Ẹni tó ń ta ilé mílíọ̀nù lọ́nà ogójì, tó sì ń jẹ́ kí ìjọba rò pé kò jèrè kọ́bọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mú ìwé owó orí jáde?

Nínú gbogbo èyí tí mo rí, mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan: developer fúnra rẹ̀ kò tíì ní ìwé, ọwọ́ mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ ló ti rà á, ìjọba ò sì tíì yọ ilẹ̀ ọ̀hún kúrò nínú èyí tó gbẹ́sẹ̀ lé. Èkejì: ìwé wà, ṣùgbọ́n báǹkì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi yáwó. Ẹ̀kẹta: gbèsè owó orí àti owó ilẹ̀ ọdọọdún. Ẹ̀kẹrin, ó dùn mí láti sọ ọ́, ni pé ó ti fi owó ìwé tiyín ra sìmẹ́ǹtì fún ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin yìí ni mo rí jù.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà bá ọ̀kọ̀ọ̀kan jà yàtọ̀ síra. Ẹ má kọ lẹ́tà kankan kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ẹ gba lọ́yà kí ó lọ ṣe ìwádìí ní rẹ́jísìrì, kí ó gba ẹ̀dà C of O tí ìjọba fọwọ́ sí pé òótọ́ ni. Ẹ fi nọ́ńbà inú sọ́fè yín lọ bá ọ́fíìsì Surveyor-General kí wọ́n wo ibi tí ilẹ̀ náà bọ́ sí. Ẹ tún wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀: bí ó bá fi ilẹ̀ yẹn yáwó, báǹkì yẹ kó ti forúkọ gbèsè náà sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọjọ́ 90, nítorí náà ó máa hàn.

Káyọ̀dé Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ̀yin ń sọ ìwé, ìwé, ìwé. Ẹ kó EFCC bá wọn! Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú àhámọ́, deed á jáde láti inú dúrọ́ọ̀.

Lọ́yà Abẹ́ Òdán

Bọ̀dá Káyọ̀dé, mo gbọ́ ìbínú yín, mo sì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èèyàn sínú ewu. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, ẹ̀ka 32, sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Bí ẹ bá mú ọlọ́pàá lọ, tí developer gba lọ́yà tó mọ iṣẹ́, òun ló máa wá pe ẹ̀yin àti ọlọ́pàá lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti rí ibi tí ẹni tó ra ilé ti ń san owó ìtanràn fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti di ọ̀daràn yàtọ̀: bí wọ́n bá ta ilé kan náà fún ẹni méjì, bí C of O tí wọ́n fi hàn yín bá jẹ́ ayédèrú, bí wọn ò bá ní ilẹ̀ kankan rárá nígbà tí wọ́n gbowó. Èyí ni ìwádìí tí Jagun sọ máa fi hàn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí EFCC pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyáàfin Àdùkẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà yín nípa àwọn ọmọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò. Ẹni tó san owó, tó ní rìsíìtì, tó sì ti wọ inú ilé, kì í ṣe aláìní. Òfin gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ kan tí à ń pè ní equitable interest. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ èyí nínú ẹjọ́ Okoye àti Dumez ní 1985: ìwé tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lè ṣe ẹ̀rí pé owó kọjá lọ́wọ́ olùrà, pé ẹ̀tọ́ yẹn sì wà. Ní 2017, nínú ẹjọ́ Benjamin àti Kalio, wọ́n tún la ọ̀nà náà sí i: wọ́n ní pé ìwé kò forúkọ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kọ́ọ̀tù kò ní gbà á wọlé bí ẹ̀rí. Nítorí náà, gbogbo rìsíìtì yín, gbogbo ìwé báǹkì tó fi hàn pé owó jáde, gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ kó wọn sí ibi méjì, ó kéré tán. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó, títí kan ọkùnrin ọ́fíìsì wọn tó máa ní òun fẹ́ "fi sínú fáìlì".

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kò lágbára tó ti ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Bí developer bá tún ta ilé náà fún ẹlòmíràn tí kò mọ̀ nípa yín, tí ìyẹn sì sáré lọ forúkọ sílẹ̀, ìjà gidi lẹ máa jà. Pé ẹ̀ ń gbé inú rẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, torí ẹni tó bá ń bọ̀ wá rà á yẹ kó béèrè pé ta ló wà nínú ilé. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín fi ìwé ìkìlọ̀, caution, sílẹ̀ ní rẹ́jísìrì lórí ilẹ̀ yẹn. Ó ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe sí wọn: nítorí pé ìwé àdéhùn kò dárúkọ ọjọ́, òfin sọ pé àkókò tó bọ́gbọ́n mu ni. Láti 2022 dé ìsinsìnyí ti kọjá ìyẹn dáadáa, àmọ́ ẹ má fi í sílẹ̀ kí wọ́n máa jiyàn. Lọ́yà kọ lẹ́tà, ó kà gbogbo ohun tí wọ́n jẹ yín: kí wọ́n fọwọ́ sí deed, kí wọ́n fọwọ́ sí Form 1C, kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí owó orí wá, kí wọ́n sì sọ ibi tí ₦1,200,000 yẹn wà. Ó fún wọn ní ọjọ́, bí ọjọ́ 21 tàbí 28, ó sì sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, ọjọ́ yẹn ti di gbèǹdéke. Lẹ́tà yìí ló ń yí "ẹ ní sùúrù" padà di yíyẹ àdéhùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ń parí sí ibí yìí, kò sì ná yín ní nǹkan púpọ̀.

Bí ó bá kọjá ìyẹn, LASRERA wà, àjọ ìjọba Èkó tó ń ṣàbójútó àwọn tó ń kọ́lé tà. Wọ́n ń gba ẹ̀sùn. FCCPC náà wà, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti 2018. Ẹ tún lè lọ sí Citizens' Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni, tàbí Lagos Multi-Door Courthouse tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ibi tí wọ́n ti ń jókòó bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀.

Bí kọ́ọ̀tù bá sì di dandan, ohun tí ẹ máa bèèrè ni kí adájọ́ pàṣẹ fún wọn láti ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí gan-an, specific performance là ń pè é. Ilẹ̀ ni kọ́ọ̀tù sábà máa ń fún ní irú àṣẹ yìí, torí kò sí ilẹ̀ méjì tó jọra. Bí wọ́n bá ṣe orí kunkun lẹ́yìn àṣẹ, kọ́ọ̀tù lè yan ẹlòmíràn kó fọwọ́ sí i dípò wọn. Ẹ ó bèèrè owó ìjìyà lé e. Ẹ ó sì fi kún un pé bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n dá owó padà pẹ̀lú èlé. Ìyẹn gbẹ̀yìn lẹ́nu yín, kò gbọdọ̀ ṣíwájú.

Ìyálájé Ọ̀nà Àjàh

Lọ́yà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ọ̀rọ̀ tèmi jọ ti Àdùkẹ́ bí ìbejì.

Àwa mẹ́rìnlá la wà ní òpópónà wa. Oníkálukú ń dá pe ọ́fíìsì, oníkálukú ń gbọ́ irọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí a pàdé níbi ìpàdé iná mànàmáná la tó mọ̀ pé ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n wọ́n fún ẹnìkan ní consent tirẹ̀. Òun ló ní bùrọ̀dá kan ní ilé iṣẹ́ wọn. A dá owó jọ, a gba lọ́yà kan. Ìwádìí rẹ̀ ní CAC fi hàn pé wọ́n ti fi ilẹ̀ ẹ́sítéètì gbogbo yáwó ní báǹkì, ní ọdún kan ṣáájú kí àwa tó ra ilé. Orí mi fò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo o, báǹkì kì í ṣe ọ̀tá. Lọ́yà wa kọ̀wé sí báǹkì ọ̀hún, ó ní àwọn èèyàn wà nínú ilé yìí, wọ́n ti san owó, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ̀ pé ẹ́sítéètì títà ni. Báǹkì kò fẹ́ kí ojú ìwé ìròyìn rí ìdílé mẹ́rìnlá tí wọ́n ń lé síta. A jókòó ní Multi-Door lẹ́ẹ̀mẹrin. Àdéhùn tó jáde ni pé bí developer bá ti san iye kan fún báǹkì, báǹkì á tú ilé kan sílẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ sí Form 1C ilé náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sọ àdéhùn yẹn di ìdájọ́ kọ́ọ̀tù, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́, ẹjọ́ kò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan àti oṣù méje ló gbà kí tèmi tó jáde. Ilé mọ́kànlá ti jáde. Mẹ́ta ṣẹ́kù, ọ̀kan nínú wọn nítorí pé ẹni tó ni ín kò bá wa dá owó.

Àdùkẹ́, kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò rẹ kí o tó kan ti developer.

Ọlọ́fin Tòótọ́

Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì. Èmi gba owó mi padà. Mo san mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ní 2019, wọ́n dá a padà ní ìgbà mẹ́rin láàárín 2022 sí 2023, láìsí èlé. Ẹ lọ wo ohun tí mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ń rà ní 2023. Mo ń gbé ilé rẹ́ńtì báyìí, mo máa ń gba iwájú ilé tí ì bá jẹ́ tèmi kọjá nígbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Mo sì ti fọwọ́ sí ìwé pé kò sí ìjà mọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ó ti rẹ̀ mí ni.

Lọ́yà Abẹ́ Òdán

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ìdí tí mo fi ní owó padà gbẹ̀yìn nìyẹn. Ẹ̀yin ni òfin fún ní àǹfààní láti yàn, kì í ṣe developer. Bí ó bá sáré fi owó lọ̀ yín, ẹ bi ara yín pé èló ni ó fẹ́ tún un tà.

Àdùkẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Lọ́yà, abala arbitration yẹn ńkọ́? Àti pé ẹ̀rù ń bà mí: ọmọ àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní wọ́n lè sọ pé ilé tí kò ní consent, títà rẹ̀ kò wúlò rárá. Ṣé òótọ́ ni?

Lọ́yà Abẹ́ Òdán

Ọmọ yẹn kàwé, ẹ bá mi kí i. Ẹ̀ka 26 Land Use Act sọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989 sì mú un le: wọ́n fi ilẹ̀ yáwó láìgba consent, onígbèsè fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé kò wúlò, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì gbà fún un. Gbogbo báǹkì ló gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Awojugbagbe ní 1995, wọ́n ṣàlàyé pé ẹni méjì lè ṣe àdéhùn kí consent tó dé, àdéhùn náà ò kú, ó kàn ń dúró de consent kó tó pé ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ Ugochukwu, wọ́n sọ pé ẹni tó jẹ́ pé òun ló yẹ kó lọ gba consent kò gbọdọ̀ yí padà kó fi àìgba consent jèrè. Developer yín ló ni ilẹ̀, òun ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀. Kò lè fi ìwà ọ̀lẹ tirẹ̀ gba ilé lọ́wọ́ yín.

Ní ti arbitration: òfin tuntun dé ní 2023, ó rọ́pò ti àtijọ́. Bí ẹ bá sáré lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n lè bẹ adájọ́ kó dá ẹjọ́ dúró kí ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ẹ ó ti pàdánù oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ewu bá wà pé wọ́n fẹ́ tún ilé tà, ẹ lè bẹ kọ́ọ̀tù fún àṣẹ ìdádúró nígbà tí arbitration ń lọ. Ẹ wo ẹni tó ní agbára láti yan onídàájọ́ nínú abala yẹn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn nìkan ló lè yàn án, ẹ fi hàn lọ́yà yín lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tí mo fò: àsìkò. Ní Èkó, ẹjọ́ lórí àdéhùn ní ọdún mẹ́fà láti ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́, ti ilẹ̀ gbà tó ọdún méjìlá. Ẹ má gbọ́kàn lé èyí tó gùn. Sùúrù ọkọ yín dára, àmọ́ kàlẹ́ńdà kì í ní sùúrù.

Ọmọ Adé London

Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí a wà lókè òkun ńkọ́? Mo rà tèmi láìfojú rí i.

Jagun Aláúsá

Ẹ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán ní power of attorney, ìwé àṣẹ aṣojú, tó sọ ohun tó lè ṣe ní pàtó, kí ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary níbẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ẹ gba ọ̀kan lọ́wọ́ developer náà, tí kò lè fà sẹ́yìn, tó fún lọ́yà yín ní agbára láti fọwọ́ sí Form 1C dípò rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ń san owó ìkẹyìn ni ẹ ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí owó ti wọlé tán, ẹ ó bẹ̀bẹ̀ títí. Àti pé kì í ṣe power of attorney ló ń gbé ilé fún yín o, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1993 nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara pé agbára ló ń fúnni, kò gbé ilẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Deed kò ní àrọ́pò.

Àdùkẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà wá jíṣẹ́.

Mo kan ilẹ̀kùn bí Ìyálájé ṣe wí. Ìdílé mẹ́sàn-án la jẹ́ báyìí. Lọ́yà tí a gbà ṣe ìwádìí: C of O wà lóòótọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀, kò sí báǹkì lórí rẹ̀. Mo sunkún ayọ̀ ní kọ̀rọ̀. Àmọ́ kò sí fáìlì kankan tó jẹ mọ́ ilé wa ní Aláúsá, wọn kò gbé nǹkan kan lọ rí. Ọdún méjì gbáko tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́wọ́ yẹn, ọwọ́ wọn ò sí níbì kankan.

Lẹ́tà jáde, a fún wọn ní ọjọ́ 21. Ọjọ́ kejìdínlógún ni lọ́yà wọn pè. Wọ́n ní àwọn ṣe tán láti fọwọ́ sí deed àti Form 1C ti gbogbo wa ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan ti wọ́n, kí oníkálukú fi ₦2,500,000 kún owó ìwé. Kí la máa ṣe?

Jagun Aláúsá

Ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un fún wọn! Owó ìjọba, ìjọba ló ń gbà á. Nígbà tí mo fi ń gbé fáìlì, gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ 3% iye tí ìjọba dá lé ilé náà: consent 1.5%, mẹ́ta yòókù 0.5% ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó orí èrè, òǹtẹ̀ àti ìforúkọsílẹ̀. Fáìlì á wọlé, wọ́n á yẹ ilé wò, wọ́n á sì kọ iye owó ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ san án tààrà. Kí wọ́n kọ̀wé pé ₦1,200,000 ti wà lọ́wọ́ àwọn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n bá lè fi hàn pé wọ́n ná. Bí wọn ò bá fi nǹkan kan hàn, gbèsè ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ wo ẹni tó ń fọwọ́ sí i: dírẹ́kítọ̀ méjì, tàbí dírẹ́kítọ̀ kan àti akọ̀wé ilé-iṣẹ́. Ẹ fi orúkọ wọn wé ti CAC kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ déètì 2022 sí deed. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún yín láti lu òǹtẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, bí ó bá kọjá, owó ìtanràn ń gorí ara rẹ̀. Kí wọ́n kó ìwé ẹ̀rí owó orí wọn dání lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe "a máa fi ránṣẹ́".

Àdùkẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ kó ọlọ́pàá lọ ní òun máa bá wa lọ. Mo ní kó wá, kó jókòó, kó sì ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé kí a tó dìde níbẹ̀.